Fáìlì Kan, Ilé Kan: Bá A Ṣe Lè Kó Prójẹ́ẹ̀tì Púpọ̀ Lọ Sórí Git Láì Kó Ẹ̀dà Rẹpẹtẹ Dání

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Obantoko wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lafenwa kọjá kẹ́ ẹ tó débí, ẹ kú ọ̀nà. Inú mi dùn pé ẹ pọ̀ tó báyìí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn tó ń kọ kóòdù ní Abẹ́òkúta nílò ẹ̀ gan-an ni, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi.

Ẹ ṣí fódà tẹ́ ẹ ń kó iṣẹ́ sí lórí láptọ́ọ̀pù yín. Ẹ máa bá pọ́tàlì iléèwé kan níbẹ̀, ẹ máa bá wẹ́bsáìtì ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Itoku, áàpù kékeré kan tẹ́ ẹ ṣe fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí “portal-final”, “portal-final2”, “portal-final-tuntun”, “portal-eyi-la-n-lo”. Nínú gbogbo wọn, fáìlì tó ń so iṣẹ́ mọ́ dátábéèsì, ọ̀kan náà ni. Fáìlì tó ń tẹ risíìtì, ọ̀kan náà ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá pinnu pé ẹ fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lọ sórí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù àti ìtàn gbogbo àtúnṣe ẹ̀, kí olè má baà gbé láptọ́ọ̀pù kí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta má baà bá a lọ, ọ̀pọ̀ yín á kàn wọ inú fódà ńlá yẹn, ẹ tẹ “git init”, ẹ tẹ “git add .”, ẹ push (ìyẹn ni pé ẹ fi í ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ó parí. Gbogbo ẹ̀dà yẹn á sì bá yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Git fúnra ẹ̀ ń ṣe, torí àwọn kan máa ń bẹ̀rù ohun tí kò tó bẹ̀rù níbí. Linus Torvalds, ọmọ Finland tó bẹ̀rẹ̀ Linux, òun ló kọ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tó ń ṣe Linux ò rí BitKeeper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú kóòdù tẹ́lẹ̀, lò lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Bó ṣe ṣe é ni pé ohun tó wà nínú fáìlì ni Git fi ń dá a mọ̀, kì í wo orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó máa ka inú fáìlì yẹn láti òkè délẹ̀, ó máa fi ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní SHA-1 yọ àmì kan jáde, àmì yẹn máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40, òun lorúkọ tí Git mọ fáìlì náà sí. Tẹ́ ẹ bá wá ní risiti.php kan náà nínú fódà mẹ́rin nínú repo kan ṣoṣo (repo ni fódà tí Git ń ṣọ́, pẹ̀lú ìtàn ẹ̀), tí inú wọn ò fi ẹyọ lẹ́tà kan yàtọ̀ síra, ẹ̀ẹ̀kan ni Git máa tọ́jú ẹ̀, fódà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn máa tọ́ka sí i. So tó bá jẹ́ ti àyè, nínú repo kan, ẹ̀dà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná yín ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ repo mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìyẹn yàtọ̀, repo kọ̀ọ̀kan á gbé tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ clone mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ìyẹn ni pé kó dà á kọ sórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀) á fi dátà ẹ̀ wa ẹrù kan náà nígbà mẹ́rin, gbogbo wa la sì mọ iye tá à ń ra dátà.

Àmọ́ àyè kọ́ ni ẹ̀dà ń jẹ gan-an, àtúnṣe ló ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan wà ní Panseke tó ṣe pọ́tàlì fún iléèwé mẹ́rin. Iléèwé àkọ́kọ́ ló jìyà ẹ̀ jù, ó jókòó ti fáìlì kan tó ń jẹ́ owo.php, òun ló ń ṣírò owó iléèwé, iye tí òbí ti san, iye tó kù. Nígbà tí iléèwé kejì dé, ó da owo.php kọ síbẹ̀, ẹ̀kẹta dé ó tún dà á kọ, ẹ̀kẹrin náà. Nígbà tó yá, bọ́sà iléèwé kejì pè é, ó ní bí òbí bá san owó ní ìdá méjì lọ́jọ́ kan náà, pọ́tàlì ń ka ìdá kan ṣoṣo. Ó wá a títí, ó rí i, ó tún un ṣe, bọ́sà dúpẹ́, ó sùn. Iléèwé mẹ́ta tó kù ńkọ́? Àwọn òbí ń san owó níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àṣìṣe yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọmọ tí òbí ẹ̀ ti sanwó pé, wọ́n á lé e kúrò nínú ìdánwò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Lẹ́yìn ọdún kan, iléèwé kẹta ní kó fi ẹ̀dínwó kún un fún àwọn òbí tó ní ọmọ mẹ́ta níbẹ̀, ó fi í sí ti ibẹ̀ nìkan. Báyìí, owo.php mẹ́rin ló wà, wọ́n jọra, wọn ò sì dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ló tọ̀nà, kódà òun tó kọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ńlá náà nìyẹn o. Ní 2002, wọ́n rí àléébù kan nínú zlib, kóòdù kékeré kan tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà fi ń fún dátà pọ̀ kó lè kéré. Títún àléébù yẹn ṣe ò le. Ohun tó le ni pé ọ̀pọ̀ prógráàmù ti da zlib kọ sínú ara wọn, Linux kernel, ọkàn Linux, gan-an ní tiẹ̀ nínú, so kéèyàn tún zlib tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣe kò tó, wọ́n ní láti máa wá ẹ̀dà kiri láti prógráàmù dé prógráàmù. Ní oṣù kejìlá 2021 ó tún ṣẹlẹ̀ sí Log4j, kóòdù Java tí wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ nínú sọ́fítíwíà. Àléébù tibẹ̀ burú débi pé ẹni tó wà lókèèrè lè rán kóòdù tiẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́ lórí sàfà (server, kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù àti wẹ́bsáìtì) ẹlòmíì. Àwọn tó ni ín gbé àtúnṣe 2.15.0 jáde kíákíá, 2.16.0 àti 2.17.0 sì tẹ̀ lé e lóṣù kan náà. Àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete pé Log4j báyìí-báyìí làwọn ń lò, wọ́n kàn yí nọ́ńbà padà ni. Àwọn tí tiwọn ti wà nínú jar (fáìlì tí wọ́n fi ń di kóòdù Java pọ̀), tí jar yẹn wà nínú jar míì, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹ̀dà téèyàn ò mọ̀ pé òun ní ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀dà.

Ó dáa. Kí ló yẹ kó wọ inú repo, kí ni kò yẹ kó wọ̀ ọ́? Àwọn tó ń fi páànù ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nílùú wa yìí, páànù tí wọ́n gé àwòrán sí lára ni wọ́n máa ń tọ́jú bí ẹyin. Wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún gbá a lórí, wọ́n á ri aṣọ sínú aró, aṣọ á lọ sọ́jà, páànù á kù sílé. Páànù yín ni kóòdù tẹ́ ẹ fọwọ́ yín kọ, àtàwọn fáìlì kéékèèké tó ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà nílò, composer.json àti composer.lock fún ẹ̀yin PHP, package.json àti package-lock.json fún ẹ̀yin JavaScript, requirements.txt fún Python. Ìyẹn ló ń wọ repo. Fódà vendor, fódà node_modules, fódà dist, fódà __pycache__, aṣọ nìyẹn, ohun tí kọ̀ǹpútà fà wálẹ̀ tàbí tó ṣe fúnra ẹ̀ ni, àṣẹ kan ṣoṣo á tún gbogbo ẹ̀ ṣe padà. Mo mọ pé ẹnì kan máa sọ pé “ẹ̀gbọ́n, níbo ni n ó ti rí dátà tí n ó fi máa tẹ npm install ní gbogbo ìgbà?” Òótọ́ ni, àmọ́ npm, irinṣẹ́ tó ń fa kóòdù JavaScript wálẹ̀, ní kaàṣì (ibi tó ń tọ́jú ohun tó ti fà) lórí láptọ́ọ̀pù yín, Composer ti PHP náà ní, ohun tẹ́ ẹ ti fà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní tún un fà tí nọ́ńbà ẹ̀ ò bá yí padà.

Ẹ kọ orúkọ àwọn fódà yẹn sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git ò gbọ́dọ̀ mú, kẹ́ ẹ tó tẹ “git add” àkọ́kọ́ o. Ṣáájú ni mo wí. Torí .gitignore kì í lé fáìlì tó ti wọlé jáde, fáìlì tí ò tíì wọlé nìkan ló ń dá dúró. Tó bá ti wọlé, “git rm -r --cached node_modules” lẹ máa tẹ̀, kẹ́ ẹ wá commit (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi àtúnṣe yẹn sínú ìtàn repo), ó máa kúrò lójú, ṣùgbọ́n ó ṣì máa wà nínú ìtàn repo yẹn, gbogbo ẹni tó bá clone á ṣì máa gbé e. GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ ń push repo sí, ní tiẹ̀ á kìlọ̀ fún yín tí fáìlì kan bá ju 50MB lọ, á sì kọ̀ ọ́ pátápátá tó bá ju 100MB lọ, so fídíò àsè iléèwé tẹ́ ẹ kó sínú fódà images, ẹ tètè wá ibòmíì fún un.

Fáìlì .env ńkọ́, èyí tí páswọ́ọ̀dù dátábéèsì wà nínú ẹ̀? Àwọn èèyàn máa ń da .env kan náà kọ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé kọ́kọ́rọ́ kan ló ń ṣí ilé mẹ́rin. Kò gbọ́dọ̀ wọ repo. Ẹ ṣe .env.example tí orúkọ wà nínú ẹ̀ tí ìdáhùn ò sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ push ìyẹn. Tó bá ti lọ, ẹ kọ́kọ́ yí páswọ́ọ̀dù padà lórí sàfà lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ lè fi git filter-repo yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn. Ẹ má ṣe é ní ìdàkejì.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí, torí àwa tá à ń sọ Yorùbá ló kàn jù. Ẹ̀dà kan wà tí ojú ò lè rí. Ẹ mú lẹ́tà “ọ̀” yìí. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́ pọ̀: ó lè mú “ọ” tó ti ní ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó fi àmì lé e lórí, ó lè mú “o” lásán kó fi ẹsẹ̀ sí i kó wá fi àmì lé e, ó sì lè mú “ò” tó ti ní àmì kó fi ẹsẹ̀ sí i. Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jọ, nínú kọ̀ǹpútà wọn ò jọra rárá. Kíbọ́ọ̀dù fóònù yín lè kọ ọ́ báyìí, ti láptọ́ọ̀pù kọ ọ́ lọ́hùn-ún. So ẹni kan á ṣe fáìlì “ọ̀rọ̀.json” lórí Linux, ẹnì kejì á ṣe “ọ̀rọ̀.json”, fáìlì méjì ló máa wà nínú repo, orúkọ kan náà lójú, ẹ ó máa ṣàtúnṣe ọ̀kan, áàpù á máa ka ìkejì, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mac tiẹ̀ ní ìwà tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni Git ṣe ní sẹ́tíǹ kan tó ń jẹ́ core.precomposeunicode fún un. Git tún lè máa fi nǹkan bíi “\341\273\215” hàn yín níbi tó yẹ kẹ́ ẹ rí “ọ”, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ tẹ “git config core.quotepath false”, á fi orúkọ gidi hàn yín.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi lẹ́tà kékeré lásán sọ fáìlì lórúkọ, láìsí àmì, láìsí àyè láàárín. Inú fáìlì ni kẹ́ ẹ ti fi àmì sí Yorùbá yín dáadáa, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ò gba àmì ohùn, irọ́ ni. Orúkọ fáìlì nìkan ni mò ń sọ. Lẹ́tà ńlá náà ń fa irú ẹ̀: Logo.png àti logo.png, fáìlì méjì ni lórí Linux, lórí Windows bó ṣe máa ń wà, ọ̀kan ṣoṣo ni, tí ẹni tó ń lo Windows bá clone, ìkan á bo ìkejì mọ́lẹ̀. Òpin ìlà náà tún wà níbẹ̀, Windows ń fi àmì méjì parí ìlà, Linux ń fi ẹyọ kan, fáìlì tí ẹ rò pé ọ̀kan náà ni á wá jọ méjì lójú Git. Ẹ fi .gitattributes sí repo yín, ẹ kọ “* text=auto” sínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyẹn parí.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e ṣe. Ká tó push ohunkóhun, ẹ kó gbogbo prójẹ́ẹ̀tì sábẹ́ fódà kan, ẹ wọ ibẹ̀ nínú Git Bash (lórí Windows) tàbí tẹ́míínà Linux, ẹ tẹ “find . -type f -not -path '*/node_modules/*' -not -path '*/vendor/*' -not -path '*/.git/*' -exec sha256sum {} + | sort | uniq -w64 -D”. Ó gùn, mo mọ̀, àmọ́ ohun tó ń ṣe ò le yé: ó ń bá yín ka inú gbogbo fáìlì, ó ń fi àwọn tí inú wọn bára mu pátápátá síbi kan. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Lójú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé níbo ni ilé ẹ̀, ta ló ni ín. Ẹ má push títí tẹ́ ẹ fi lè dáhùn.

Ẹ tún wò ó bóyá fódà .git ti wà nínú èyíkéyìí nínú wọn tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi repo sínú repo, Git á kìlọ̀ fún yín, ọ̀pọ̀ kì í ka ìkìlọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá push tán wọ́n á débẹ̀ wọ́n á bá fódà tí ò ṣeé ṣí, tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀, torí àmì ibi tí repo kékeré yẹn dé nìkan ni Git gbé lọ, kò gbé fáìlì inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìtàn repo kékeré yẹn bá a wọlé, “git subtree add --prefix=” pẹ̀lú orúkọ fódà, àdírẹ́sì repo náà àti orúkọ branch (ẹ̀ka iṣẹ́ inú repo) lẹ máa fi mú un wọlé.

Àwọn “final2” wọ̀nyẹn, branch ló yẹ kí wọ́n jẹ́, tàbí tag (orúkọ tẹ́ ẹ fi sàmì sí ibi kan nínú ìtàn repo). Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ̀yà méjì lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ máa wo ìkan kẹ́ ẹ máa kọ ìkejì, “git worktree” á fún yín ní fódà méjì lórí repo kan, ó ti wà láti 2015, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn ò fi ń lò ó.

Repo kan ṣoṣo fún gbogbo prójẹ́ẹ̀tì, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀? Google fi repo kan ṣoṣo ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ wọn, nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ ní 2016 wọ́n ní fáìlì tó wà nínú ẹ̀ tó bílíọ̀nù kan, 86 terabyte, ṣùgbọ́n kì í ṣe Git ni wọ́n fi ṣe é, irinṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ni. Fún ẹni kan tàbí ẹni mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Oke-Ilewo, tí iṣẹ́ jẹ́ tiwọn, repo kan ni mo fara mọ́: fódà kan fún iléèwé kọ̀ọ̀kan, fódà kan tó ń jẹ́ “ajumolo” níbi tí owo.php ń gbé, tí gbogbo wọn ń pè é látibẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣe fún gbogbo wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ni kóòdù, tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun náà máa wọlé wò ó, repo tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà, torí Git ò ní ìlẹ̀kùn sí fódà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá rí repo rí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Nígbà náà ẹ gbé “ajumolo” sínú repo tiẹ̀, ẹ fi tag sí i, v1.0.0, kí Composer tàbí npm tàbí pip ti Python máa fà á wá látibẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè fà á tààrà látinú Git. Submodule, ìyẹn repo tí wọ́n so mọ́ inú repo míì, náà lè ṣe é, àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé “--recurse-submodules” nígbà tó ń clone á bá fódà òfìfo, mi ò fẹ́ ẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn béèrè ìbéèrè tó dáa gan-an. Ó ní ti òun ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà mẹ́rin ti yàtọ̀ síra, báwo lòun ṣe máa sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹ mú méjì-méjì, ẹ tẹ “git diff --no-index” pẹ̀lú orúkọ fáìlì méjèèjì, á fi gbogbo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ hàn yín. Ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá àtúnṣe tí ibòmíì ò gbà ni, ìyẹn wọ fáìlì àjùmọ̀lò lójú ẹsẹ̀, tàbí ohun tí iléèwé yẹn nìkan fẹ́, bíi ẹ̀dínwó ọmọ mẹ́ta, ìyẹn ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kóòdù, ẹ kọ ọ́ sí fáìlì sẹ́tíǹ iléèwé yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba risíìtì táàmù tó kọjá lọ́wọ́ bọ́sà iléèwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí fáìlì tuntun ṣírò gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kọ́bọ̀ kan ò bá yàtọ̀ síbi tó yẹ kó wà, ẹ wá pa ẹ̀dà mẹ́rin yẹn rẹ́, ẹ commit, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì commit náà ní èdè tí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè kà kó yé e.